Ìlà Pupa Kejì àti Kọ́ọ̀pù Màmá Mi

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan nílùú wa ló ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún àwọn ọmọ tó ń múra àtijáde ilé ìwé girama. Ó ní kí n kọ èyí tí yóò wú wọn lórí. Mo dá a lóhùn pé èyí tó ṣẹlẹ̀ ni n óò kọ. Bí ìwúrí bá wà nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ náà fọwọ́ ara wọn wá a. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe.

Orúkọ mi ni Sènámi. Ilé bàbá mi ní Apa, lẹ́bàá Badagry, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Iṣẹ́ tí mo ṣe láti ìgbà ọmọge títí ojú mi fi bàjẹ́ ni iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní láàbù. Èmi ni mo máa ń gba ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ lọ́wọ́ aláìsàn, tí n óò wo ohun tó wà nínú rẹ̀, tí n óò sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí dókítà. Mo kàwé fún un, mo ṣe ìdánwò, mo gbàwé ẹ̀rí. Síbẹ̀, títí mo fi fẹ̀yìn tì, "Nọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa pè yín ní orúkọ iṣẹ́ yín, ẹ lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi mọ ẹnì kan, ẹni náà mọ ẹlòmíràn. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan nígbà tí mo wọ̀ ọ́, kò sì tó nǹkan nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Dòsù. Ó ti kú, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn yìn ín ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkùnrin gbígbẹ ni, ó ga, aṣọ funfun tó ń wọ̀ níbi iṣẹ́ sì máa ń gan bí páálí nítorí sítáàṣì tí ìyàwó rẹ̀ ń fi sí i. Ilé ìwòsàn ìjọ kan ni a wà nígbà náà, èyí tó ti wó lulẹ̀ báyìí tí ewéko ti bò ó. Bí o bá kí Ọ̀gá Dòsù láàárọ̀, á ní, "A ti ríra wa," á sì yí ojú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n fojú kan maikirosikóòpù. Gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ ẹ̀jẹ̀ lé ni mo ń fọ̀. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo máa ń fi omi ṣàn án, mo máa ń nù ún. Ọ̀gá á gbé e sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé láti ojú fèrèsé, á wò ó síwá, á wò ó sẹ́yìn.

"Arábìnrin, ta ló ni ìka yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ìka tìrẹ ni aláìsàn wá yẹ̀ wò níbí?"

Mo tún lọ fọ̀ ọ́.

Nígbà tó yá, ó jẹ́ kí n jókòó sídìí maikirosikóòpù. Kì í ṣe ti iná mànàmáná. Ó ní dígí kékeré kan nísàlẹ̀ tí a máa ń yí kọjú sí oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè gòkè. Bí òjò bá ti ṣú láti ojú òkun, iṣẹ́ dúró nìyẹn, àwọn aláìsàn á sì tò lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa wojú ọ̀run bíi ti àgbẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n ń dúró dè ni pé kí ojú ọjọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo rí ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ obìnrin kan tó ń yan ẹja. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé aràn ló ń fa inú rírun rẹ̀. Ọ̀gá Dòsù ka ìwé náà, ó fà á ya.

"Kí lo rí?"

"Ẹyin aràn, sà."

"Kí lo kọ?"

"Pé aràn ló ń fa inú rírun obìnrin náà, sà."

"Ó dáa. Bọ́ síhìn-ín." Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó nàka sí maikirosikóòpù náà. "Fi inú rírun hàn mí níbẹ̀. Kí èmi náà wò ó."

Mo bojú wo inú rẹ̀, mo tún gbé orí sókè.

"Ohun tí o bá rí ni kí o kọ. Èyí tí o bá rò, máa gbé e lọ sílé."

Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òǹrorò ni. Òǹrorò ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí àwọn tí oúnjẹ kì í dà nínú wọn. Ní etíkun wa níbí, wọn kò lóǹkà. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja máa ń wá, ọwọ́ wọn á wà láyà. Àwọn ọkùnrin tó ń bá ènìyàn kó ẹrù jáde ní bodè Seme máa ń wá, wọ́n á máa gùfẹ̀ bí ẹni mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Olùkọ́ ń wá, awakọ̀ ń wá, ìyàwó pásítọ̀ ń wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: inú mi ń kún láìjẹun, àyà mi ń ta mí, ebi ń pa mí mo sì ń bẹ̀rù oúnjẹ. Àwọn dókítà ayé ìgbà náà á ní ìrònú ni, ata ni. Wọ́n á fún wọn ní oògùn olómi funfun kan tó dà bí ẹfun tí a pò, wọ́n á ní kí wọ́n máa mu mílíìkì. Wọ́n á lọ, wọ́n á sì padà wá.

Ní ìparí ìgbà Ọ̀gá Dòsù ni ìròyìn dé pé wọ́n ti rí kòkòrò kan tó ń gbé inú ikùn ènìyàn, pé òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú. Pailórì ni àwọn dókítà ń pè é. Ọ̀gá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kòkòrò wo ni yóò gbé inú ásíìdì? Ṣé ó ra bàtà ni?"

Mo gbé ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí mo ti kà á fún un. Ó kà á, ó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ṣé wọ́n rí i?"

"Wọ́n rí i, sà. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀."

"Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n kọ ọ́."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ̀yìn tì, ó padà sí abúlé rẹ̀ lódìkejì ọ̀sà, kò sì wá kí wa mọ́ láéláé.

Nígbà tí ilé ìwòsàn ìjọ náà wó, mo lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Mowo. N kò ní dárúkọ dókítà tó ni ín. Ó ti kó lọ sí òkè òkun, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ ara wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí irinṣẹ́ wa yí padà. Àwa tí a ń fi ojú wa kékeré wá nǹkan nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, wọ́n gbé kíìtì lé wa lọ́wọ́: ike pélébé kan tí kò tóbi ju ìka lọ. O ó kán ẹ̀jẹ̀ sí i, o ó kán omi oògùn lé e, o ó dúró díẹ̀. Bí ìlà pupa kan bá jáde, kò sí nǹkan. Bí ìlà pupa kejì bá jáde, ara ẹni náà ti pàdé kòkòrò náà rí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ara balẹ̀ ka gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Mo kọ ọ́ pé ara ẹni náà ti pàdé rẹ̀ rí. N kò kọ ọ́ pé ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ̀jẹ̀ kì í tètè gbàgbé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ti fi oògùn pa kòkòrò náà tán, ìlà kejì lè máa jáde fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, ìgbẹ́ ni kó gbé wá, kíìtì tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.

Nígbà tí kíìtì ẹ̀jẹ̀ náà kọ́kọ́ dé, a fi ara àwa òṣìṣẹ́ kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Ọkùnrin kan wà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa, ẹni tó máa ń jẹ ata tútù bí ẹni jẹ àgbálùmọ̀, tí inú kò run rí láyé rẹ̀. Ìlà kejì jáde fún un, ó pupa fòò. Ó ti rí irú ike bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé mo lóyún ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìlà kejì jáde fún awakọ̀ ilé ìwòsàn wa náà. Ó jáde fún akọ̀wé. Ó jáde fún èmi náà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún àwọn tó wá torí inú kíkún àti àyà títa, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń jáde fún. Ẹnu ń ya àwọn aláìsàn. Ẹnu kò ya dókítà wa. Oògùn onípáálí ńlá kan wà tó ń tà, kò sì sí ọjọ́ tí kì í rí ẹni tí yóò rà á. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa fún wọn. Kòkòrò náà wà lára wọn, oògùn náà sì ń pa á. Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé kòkòrò tí ẹni tí inú ń run àti ẹni tí inú kì í run jọ ní, kò tíì lè fi ara rẹ̀ jẹ́rìí pé òun ló jẹ̀bi.

Ibí yìí ni n óò ti sọ ti Màmá mi.

Ọkọ mi ti kú nígbà náà, Ọlọ́run kò sì fún wa lọ́mọ, nítorí náà mo ti padà sílé bàbá mi ní Apa. Màmá wà níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, Pọ́sù, tó ń ṣiṣẹ́ ní bodè Seme, kó ìyàwó rẹ̀ Bọ́lá àti ọmọ wọn Máwùtìn wá bá wa gbé. Ọmọ Ọ̀tà ni Bọ́lá, kò dàgbà sétí omi.

Nínú ilé wa, àwo ńlá kan ni gbogbo wa ti ń jẹun lálẹ́, Màmá ló sì ń pín ẹja. Ẹja ṣawá ni a sábà máa ń jẹ, egungun rẹ̀ sì kéré bí irun. Kí ọmọ kékeré tó lè jẹ ẹ́, ìyá àgbà á kọ́kọ́ fi ẹja náà sẹ́nu ara rẹ̀, á rún un, á fi ahọ́n wá àwọn egungun náà, á tu wọ́n dànù, á wá fi èyí tó ti rọ̀ sọ́mọ lẹ́nu. Bí ìyá Màmá ṣe ṣe fún un nìyẹn. Bó ṣe ṣe fún èmi àti Pọ́sù nìyẹn. Máwùtìn á jókòó sórí itan rẹ̀, á ya ẹnu bí ọmọ ẹyẹ.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni inú Pọ́sù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá jẹun tán lálẹ́, á dìde jókòó lórí ibùsùn, á tẹ ọwọ́ mọ́ àyà. Bọ́lá wá bá mi nínú ilé ìdáná.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Bí wọ́n bá jẹ oúnjẹ tèmi, wọ́n á sùn. Bí wọ́n bá jẹ ti Màmá, wọ́n á dìde jókòó."

"Kí lo ní lọ́kàn?"

"Èmi ò ní nǹkan kan lọ́kàn o."

"Tú u sọ."

"Àwọn ará àdúgbò ló ń sọ ọ́, Àǹtí. Kì í ṣe èmi."

Ẹ mọ ohun tí ará àdúgbò máa ń sọ bí inú ọkùnrin bá ń run tí ìyá rẹ̀ sì ń se oúnjẹ fún un. Wọ́n ní ó ń fi nǹkan sí i. Ìyá tó bí i, tó rún ẹja sí i lẹ́nu.

Màmá fúnra rẹ̀ gbọ́. "Sènámi," ó ní, "wọ́n ní mo ń fi nǹkan sí oúnjẹ ọmọ mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ta ni yóò sọ irú ẹ̀? Wọ́n kàn ń jẹun díẹ̀díẹ̀ ni."

Ohun tí mo fẹ́ gbà padà nìyẹn: àyè Màmá mi nídìí àwo rẹ̀. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn. Mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ mi lè ṣe é. Mo kó gbogbo wa lọ sí Mowo. Mo gba ẹ̀jẹ̀ Pọ́sù, mo gba ti Màmá, mo gba ti Bọ́lá, mo gba tèmi. Nígbà tó tó àkókò, mo to àwọn ike náà sórí tábìlì dókítà, níwájú gbogbo wọn. Ìlà kejì jáde lórí gbogbo wọn láìku ẹnì kan.

"Ẹ wò ó," mo ní. "Ti Pọ́sù nìyí. Ti Màmá nìyí. Tèmi nìyí. Ti Bọ́lá nìyí, tí inú kò run rí. Gbogbo wa la jọ ní i, àwọn tó jókòó níta náà ní i. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan sí oúnjẹ ẹnì kankan."

Pọ́sù mí kanlẹ̀. Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìlà gbogbo wọn bára mu, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Ká ní a ti dìde lọ sílé ní ìṣẹ́jú yẹn ni, bóyá n óò lè kọ ìtàn ìwúrí tí ọ̀gá àgbà ń béèrè.

Bọ́lá ló béèrè. "Dókítà, níbo lèèyàn ti ń kó o?"

Ebi ń pa dókítà. Ó ti ń de ìdérí kálàmù rẹ̀. "Nínú ilé ni, láti kékeré. Ẹnu sí ẹnu, ọwọ́ tí kò mọ́, omi. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ara ìyá ni ọmọ ti ń kó o."

Òótọ́ ni. Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn, èmi náà ti kà á. N kò lè pè é ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni ju egungun sílẹ̀, kò sì wo ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó ń retí rẹ̀. Bọ́lá yíjú. Kò wo ojú Màmá. Ẹnu rẹ̀ ló wò.

"Ìwọ náà ní i, Bọ́lá," mo ní. "Láti Ọ̀tà lo ti gbé tìrẹ bọ̀."

Kò gbọ́ mi.

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ya àwo kan sọ́tọ̀ fún Màmá, pẹ̀lú ṣíbí àti kọ́ọ̀pù tánńganran. Bọ́lá fi kútẹ́ẹ̀sì pupa, èyí tó ń kùn sí èékánná, fa ìlà sí ìdí kọ́ọ̀pù náà.

"Kí ni pupa yìí?" Màmá béèrè.

"Kó má baà sọnù ni, Màmá."

Bọ́lá gba Máwùtìn kúrò lórí itan Màmá. Ọmọ náà sunkún ẹja títí ó fi sú u. Sàdíìnì inú agolo ni wọ́n ń rà fún un, torí egungun rẹ̀ ti rọ̀. Àwa tí a ń gbé etí ọ̀sà ń ra ẹja inú agolo.

Gbogbo wa gba oògùn, inú Pọ́sù sì rọlẹ̀ díẹ̀. Bọ́lá lo tirẹ̀ díẹ̀, ó ní ó ń mú ẹnu òun korò bí irin, ó dá a dúró. Màmá lo tirẹ̀ tán pátápátá, kò kùnà ẹyọ kan, torí ó rò pé bí òun bá lò ó tán, wọn yóò dá àwo òun padà. Nígbà tó tó àkókò tó yẹ, mo fi ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Kòkòrò náà ti lọ. Mo gbé ike àyẹ̀wò náà wá sílé, mo fi hàn wọ́n.

Bọ́lá kò bá mi jiyàn. Ó sọ fún Màmá pé kó sin òun lọ ra nǹkan ní Mowo, ó sì mú un wọ láàbù kan lẹ́bàá oríta, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tó jáde. Ó gbé ike náà lé orí tábìlì oúnjẹ.

"Àǹtí, ó ṣì wà níbẹ̀."

Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé títí ohùn mi fi há. Mo ní ẹ̀jẹ̀ kì í gbàgbé. Mo ní kó jẹ́ kí n gba tirẹ̀ náà, ká jọ wò ó. Pọ́sù ló dá mi lẹ́kun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ṣáà máa ṣọ́ra. Kí ló burú nínú ká ṣọ́ra?"

N kò gbàgbé gbólóhùn yẹn. Mo kọ ọ́ síbí kí ọmọ rẹ̀ lè kà á.

Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ti ń wo ọ̀sà, ni Màmá ti ń jẹun láti ìgbà náà. Mo máa ń lọ bá a jókòó, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan àwo rẹ̀. "Kí wọ́n má baà ya tìrẹ náà sọ́tọ̀," ló máa ń sọ. Ó kọ́kọ́ ṣíwọ́ ẹja jíjẹ. Ó ní, "Ta ni n óò yọ egungun fún?" Ó wá ṣíwọ́ oúnjẹ alẹ́. Ó rù títí òrùka rẹ̀ fi ń bọ́ sínú omi ìfọwọ́. Mo gbé e lọ síbi gbogbo tí ẹsẹ̀ mi mọ̀, mo yẹ gbogbo ohun tó ṣeé yẹ̀ wò lára rẹ̀ wò. N kò rí nǹkan kan. Nígbà tó kú, ọjọ́ orí ni wọ́n kọ sínú ìwé. Bọ́lá sunkún ju gbogbo wa lọ níbi ìsìnkú náà. Gbogbo ìjọ ló rí i.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni inú Pọ́sù tún bẹ̀rẹ̀. Ìrora náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yọ́ wá bá mi ní ibi iṣẹ́. Mo yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Mo tún un ṣe, kò sí.

"Kí lò ń lò?" mo béèrè.

"Kò sí."

Mo bá a lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀ láti gba ìwé kan, mo ṣí àpótí iwájú ọkọ̀ náà, páálí oògùn ya lé mi lẹ́sẹ̀. Oògùn ẹ̀yìn dídùn ni, tí wọ́n kọ èdè Faransé sí lára, tó ń rà ní bodè. Kí inú tó kọ́kọ́ yọ ọ́ lẹ́nu ló ti ń gbé e mì láàárọ̀ kó tó jẹun àti lálẹ́ kó tó sùn, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún látorí ẹrù gbígbé. Irú oògùn yẹn máa ń bó inú ènìyàn bí ọsàn. Dókítà ní kó dá a dúró. Ó dá a dúró. Inú náà san.

Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn, ó gbá orí mú. Mo rò pé orúkọ Màmá ni yóò pè. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bọ́lá."

N kò sọ fún un. Pọ́sù náà ti kú báyìí. Mo ṣiṣẹ́ títí ojú mi fi di bàìbàì. Wọ́n ní awọ funfun ló bo ẹyinjú mi, wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Èmi mọ iye oòrùn tí mo ti fi ojú kan ṣoṣo gbà wọlé. Wọ́n fún mi ní aago ara ògiri nígbà tí mo ń lọ. N kò rí ọwọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é bó bá wù yín. Irinṣẹ́ tiyín á dára ju tiwa lọ. Mo gbọ́ pé ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Èkó, wọ́n ń ní kí ènìyàn fẹ́ èémí sínú àpò kan, wọ́n á sì mọ̀ bóyá kòkòrò náà wà nínú ikùn ẹni náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò tíì sí irinṣẹ́ tó ń bá ìdáhùn dé ilé aláìsàn láti wo ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, Máwùtìn kó ìyàwó àti ọmọ kékeré rẹ̀ wá bá wa gbé. Ìyàwó náà kàwé, ó máa ń ka ọ̀rọ̀ ìlera lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, ó bá Bọ́lá níbi tó ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ rún àkàrà fún ọmọ náà. Kò pariwo. Ó rọra gba ọmọ rẹ̀. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, àwo kan ti wà lọ́tọ̀ fún Bọ́lá lórí pẹpẹ.

Bọ́lá wá bá mi ní yàrá mi, tó jẹ́ yàrá Màmá tẹ́lẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sọ."

Mo mọ̀ ọ́n sọ lóòótọ́. Mo lọ bá ìyàwó Máwùtìn. Mo ní bó bá fẹ́ kí ìyá àgbà má máa rún nǹkan fún ọmọ, ó dára, èmi náà fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti ya àwo rẹ̀ sọ́tọ̀. Mo ní ọ̀pọ̀ wa ló ní kòkòrò yìí, pé èmi gan-an ti ní i rí. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an, Màmá, mo ti gbọ́."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwo méjì ló wà lórí pẹpẹ náà.

Ẹ̀yìnkùlé ni èmi àti Bọ́lá ti jọ ń jẹun báyìí. A kì í sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣawá ni wọ́n gbé wá. Mo ń fi ìka wá egungun tí n kò rí, mo ń fi oúnjẹ náà ṣòfò. Bọ́lá ń wò mí. Inú bí mi, mo sì sọ ọ́.

"Bọ́lá, kì í ṣe oúnjẹ Màmá. Oògùn ẹ̀yìn tí Pọ́sù ń gbé wá láti bodè ni."

Ó gbé àwo tirẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ̀, Àǹtí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó sọ fún mi lórí àìsàn tó kú sí. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ̀yin mọ̀ pé mo mọ̀."

Ó fa àwo mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó la ẹja náà, ó fi èékánná yọ egungun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tì í padà síwájú mi. N kò tíì dárí jì í. Mo jẹ ẹja náà.

Ohun tí mo rí ni mo kọ yìí. Èyí tí mo rò, ó wà lọ́dọ̀ mi nílé.